Alùpùpù Pupa Àkànkẹ́

Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Sátidé, òjò ì báà máa rọ̀, oòrùn ì báà máa ràn, ẹ ò ní bá Sàdíátù níbòmíràn ju iwájú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ní àdúgbò Mgbuoba lọ. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni, akọ̀wé níléeṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté Onne. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ìwé ẹrù ló ń yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, á di páàdì géèmù mú, á sì máa bá ọmọ rẹ̀ sáré.

Àkànkẹ́ lorúkọ ọmọ náà, òun nìkan ni Sàdíátù bí. Ó wà ní Kánádà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Ọlásúnkànmí. Ìgbéyàwó ti tú ká kí ọkùnrin náà tó ríṣẹ́ síbẹ̀ lọ́dún 2019, tó sì ní òun fẹ́ mú ọmọ dání kó lè kàwé dáadáa. Sàdíátù sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó fọwọ́ sí ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Àkànkẹ́ nígbà náà.

Kó tó lọ, orí àga kan náà ni tìyá-tọmọ ti máa ń gbá géèmù yìí. Àwọn mọ́tò kéékèèké ló ń sáré nínú rẹ̀, lórí afárá, nínú iyanrìn, létí òkun. Mọ́tò alágbára pọ̀ níbẹ̀ lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n alùpùpù kékeré kan ni Àkànkẹ́ máa ń mú, irú èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fẹ́sípà, tó pupa bí ata, tí iná iwájú rẹ̀ rí roboto. Kò wúwo rárá. Bí mọ́tò ńlá bá rọra kàn án lára báyìí, ó ti fò sómi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó mọ kọ́nà í yí ju gbogbo wọn lọ, ọmọ náà sì mọ̀ ọ́n gùn. Á yọ́ gba àárín àwọn yòókù bí ẹja tó bọ́ lọ́wọ́ apẹja. Kò ṣàánú ìyá rẹ̀ rí. Bó bá ti gba ipò kìíní tán, á bú sẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ tún gbẹ̀yìn o!"

"Ṣé o ò lè dúró dè mí ni?"

"Ta ló ń dúró de èèyàn nínú eré ìje?"

Nígbà tí Àkànkẹ́ dé Kánádà, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń bá eré wọn lọ. Wọ́n á pe ara wọn lórí fóònù, wọ́n á máa sáré, wọ́n á sì máa tàkúrọ̀sọ. Ọmọ á sọ ti ilé ẹ̀kọ́, á sọ ti yìnyín, á sọ ti Belema, obìnrin ará Kalabari tí bàbá rẹ̀ fẹ́ lọ́hùn-ún. Sàdíátù kì í fèsì sí ti Belema. Nígbà tó di ọdún kẹrin, Àkànkẹ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ ń da òun láàmú, kí wọ́n kàn máa sáré. Ìyá rẹ̀ gbà. Bí wọn ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sàn ju kí wọ́n má pàdé rárá.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, eré gbé wọn dé etí òkun. Sàdíátù kọlu ògiri, ó kọlu igi, ó já sómi. Nígbà tó fi máa jáde, gbogbo mọ́tò ti lọ. Ó yí kọ́nà tó kẹ́yìn, ó sì bá alùpùpù pupa níbi tó dúró sí, kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan sí ìlà òpin lọ. Kò mira. Àwọn mọ́tò mìíràn ń kọjá lára rẹ̀. Ìgbà tí Sàdíátù dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló tó gbéra, àwọn méjèèjì sì jọ wọlé.

Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ló rántí pé bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, àti lọ́sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Ó pe fóònù ọmọ rẹ̀, kò gbé e. Ó pe fóònù ilé wọn. Obìnrin kan ló dáhùn.

"Ta ló ń gun alùpùpù yẹn?" Sàdíátù bi í. Kò tiẹ̀ kí i.

"Mama Àkànkẹ́, abeg, no vex. Èmi ni. Belema ni."

Pijin ni wọ́n fi bá ara wọn sọ ìyókù. Belema ní Àkànkẹ́ ti wọ ẹgbẹ́ fọ́líbọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti oṣù kẹfà, òwúrọ̀ Sátidé lọ́dọ̀ wọn, tó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ Sàdíátù, sì ni wọ́n máa ń pàdé.

"Géèmù yẹn ti sú u, kò mọ bó ṣe máa sọ fún yín. Ó bẹ̀ mí kí n bá òun di páàdì mú lọ́jọ́ kan péré, kí ẹ má baà jókòó lásán. Ọjọ́ kan di méjì. Nígbàkigbà tí mo bá ní kó sọ fún yín, ẹkún ló máa ń sun."

"O wá ń dúró dè mí."

"Mo rí i tí ẹ̀yin nìkan ń bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò lè fi yín sílẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ burúkú dé orí ahọ́n Sàdíátù. Ṣùgbọ́n bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Irọ́ ni wọ́n rán obìnrin yìí, àánú ló fi jẹ́ ẹ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"O ṣeun," ó ní. "Ṣùgbọ́n má ṣe é mọ́."

Ọjọ́ kejì ni Àkànkẹ́ pè. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ti gbàgbé yín."

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀." Irọ́ ni. Láti àná ló ti ń rò ó. "Báwo ni wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún ná?"

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ibi tí òun máa ń dúró sí, bí wọ́n ṣe ń fò, àti ẹni tó jẹ́ ọ̀gá wọn. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ò yé Sàdíátù. Ó ṣáà ń dáhùn ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n, nítorí ó ti pẹ́ tí Àkànkẹ́ ti bá a sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

"Ṣé kí n ṣì máa wá ní Sátidé?" ọmọ náà bi í nígbẹ̀yìn.

"Rárá o. Máa lọ gbá bọ́ọ̀lù rẹ."

Nígbà tí Sátidé pé, Sàdíátù ò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó fọ àwọn abọ́ tó mọ́ tẹ́lẹ̀, ó tún wọn fọ̀. Bó ṣe ń nu ọwọ́ ni fóònù dún. Fídíò kan ni Belema fi ránṣẹ́. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ga, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì di irun sẹ́yìn. Ọ̀kan fò sókè, ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, àwọn yòókù sì dì mọ́ ọn.

Sàdíátù jókòó. Ó wò ó, ó tún un wò. Ìgbà kẹta ló tó mọ èyí tí í ṣe ọmọ rẹ̀ nínú wọn.