Páàdì Kejì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orí kunkun ṣe ń rí, kó wá kí ẹ̀gbọ́n mi Déolú. Oṣù kẹrin rèé tí rọpárọsẹ̀ ti dá a wólẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́ẹ̀gì ní Ìkẹjà. Ọlọ́run ṣàánú wa, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ já gaara. Àmọ́ apá òsì rọ, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wá bá a na apá sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé bí kò bá máa lo apá àti ẹsẹ̀ yẹn báyìí, tí wọ́n bá fi lè gan, ó di gbére. Kí ni Bọ̀dá Déolú wá ṣe? Ó ní kí nọ́ọ̀sì má wá mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, orí àga kan náà ló ń wà látàárọ̀ dalẹ́ nílé rẹ̀ ní Agége. Omi tó fẹ́ mu, Simbiat ìyàwó rẹ̀ ni yóò gbé e wá. Simbiat bẹ̀ ẹ́ títí. Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́. Èmi Fọlákẹ́, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, mo pariwo. Ó kàn ń wò mí bí ẹni ń wo ìpolówó ọjà lórí tẹlifíṣàn ni. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì o! Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ibi tí mo ti ń kó ẹrù Màámi wa olóògbé kúrò nínú yàrá tó ń jò ni mo ti rí géèmù wa àtijọ́ nínú páálí kan, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tá a ní ṣì wà nínú rẹ̀, èyí tí ọkùnrin kan ti ń fò láti orí òrùlé kan sí òmíràn, tí ajá ń lé e. Mo kígbe níbẹ̀. Lójú mi, kò sí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé yìí tó géèmù yẹn.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà, Bọ̀dá jẹ́ mẹ́tàlá. Òun á mú páàdì kìíní, ohun ọwọ́ tá a fi ń darí géèmù, á fún mi ní ìkejì. Á ní, "Ìwọ lo ni ọkùnrin yẹn, èmi ni mo ni àwọn ajá." Màámi ló ṣòfin sí i, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ pọn omi nínú wa: ẹni tó bá pàdánù, òun ni yóò gbé garawa lọ sídìí ẹ̀rọ omi, kò sì gbọdọ̀ bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi pọn omi! Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo borí ajá rẹ̀. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ mo ti gbá géèmù yẹn parí, mo sì ti fi fọ́nnu fún gbogbo ayé, títí kan ọkọ mi.

Mo gbé e lọ sí Computer Village kí Felix tó máa ń tún fóònù mi ṣe bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tú u, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀.

"Àǹtí, kò sóhun tó ṣe èyí. Àmọ́ páàdì kejì yìí, ẹ ò lò ó rí ni?"

"Èmi kẹ̀? Tèmi gan-an nìyẹn!"

Ó fa wáyà rẹ̀ jáde, ó nà án sí mi. Kò ní orí tí wọ́n ń kì bọ inú géèmù. Ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ gé e, ó sì fi òwú dúdú dì í lẹ́nu ṣinṣin. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi òwú dúdú di nǹkan nílé wa. Ìgbà náà ni mo rántí pé Bọ̀dá kì í jẹ́ kí n dé ẹ̀yìn tẹlifíṣàn. "Iná á gbé ọ o, Fọlákẹ́!" Iná wo? Iná irọ́!

Ojú mi ṣú. Mo ní kí Felix fi orí tuntun sí i. Bó ṣe ṣe é tán ni mo gbéra, ó di Agége.

Mo ju òwú dúdú tí Felix tú kúrò lẹ́nu wáyà yẹn sí Bọ̀dá lẹ́sẹ̀. "Kí lèyí?"

Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rin. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?"

"Ọgbọ̀n ọdún! Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fọ́nnu kiri!"

"Kékeré lo wà. Ká ní mo fún ọ ní páàdì gidi ni, ajá á máa pa ọ́, wàá máa ké, Màámi á sì na èmi."

"Ta ló wá ń darí ọkùnrin yẹn?"

"Èmi náà ni."

"Ọjọ́ tí mo bá sì borí, ta ló ń pọn omi?"

Ó gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Èmi náà ni."

Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìrọ̀lẹ́ tó bá wù ú, ó lè jẹ́ kí ajá mú ọkùnrin yẹn, kó jókòó tirẹ̀, kí n gbé garawa. Síbẹ̀, ó mú ọkùnrin náà fò dé òpin, ó sì lọ pọn omi. Ó ṣe mí bíi kí n dì mọ́ ọn. Àmọ́ àánú la ti ń ṣe é láti oṣù mẹ́rin, kò gbé e kúrò lórí àga. Mo rọ̀ mọ́ ìbínú mi.

"Ìwọ Déolú, mú páàdì!"

"Èmi lò ń pè ní ìwọ?"

"Ìwọ ni! Bó o bá borí mi, màá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì."

Mo ti so géèmù náà mọ́ tẹlifíṣàn. Mo yan ti ẹni méjì, tí kálukú á ní ọkùnrin tirẹ̀, èyí tí Bọ̀dá kò yàn fún mi rí. Ọwọ́ òsì ló ń darí ọkùnrin náà sí iwájú àti ẹ̀yìn, ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú un fò. Bọ̀dá gbé páàdì kejì sórí itan, ó fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan ṣe méjèèjì. Ọkùnrin rẹ̀ já bọ́. Ó tún já bọ́. Mo rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà sí i.

"Ṣé bó o ṣe ń ṣe é nìyẹn, ọ̀gá?"

Ó pòṣé. Ó wá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ti òsì, ó gbé e ka páàdì, ó ń ti àtàǹpàkò rẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Òógùn bò ó. Simbiat dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin rẹ̀ fo òrùlé kan, ó fo ìkejì, ó fo ìkẹta. Ibẹ̀ ni ajá ti mú un, tèmi ṣì ń fò lọ.

Mo na ẹsẹ̀ mi. "Òùngbẹ ń gbẹ mí."

"Simbiat, bá mi fún un lómi."

Simbiat ti fẹ́ lọ, mo di ìró rẹ̀ mú. "Òfin Màámi ńkọ́? Ẹni tó pàdánù kì í bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́."

Ó wò mí títí. Mo rò pé ó máa lé mi jáde ni. Ó fọwọ́ ti àga, ó dìde. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ògiri mú, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí kíṣìnnì. Nígbà tó ń padà bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà ló tún fi di ògiri mú, torí náà ọwọ́ òsì ló kù tó lè gbé ife. Ó ń gbọ̀n, omi ń dà sílẹ̀ láti kíṣìnnì dé ọ̀dọ̀ mi. Díẹ̀ ló kù nínú rẹ̀. Mo mu ún tán, omijé sì ń bọ́ lójú mi.

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi."

"Kí lò ń sunkún sí?" Ó jókòó, ó gba páàdì kìíní lọ́wọ́ mi. "Tún un bẹ̀rẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ èmi náà."