Ísáàlì Ọjọ́ Sátidé

Olúfúnmilọ́lá ti fi òǹtẹ̀ lu ọ̀rọ̀ náà: bí wolé-wolé bá fi lè sọ pé ṣọ́kàwéè ẹ̀yìnkùlé, ihò tí ìgbẹ́ ilé ń ṣàn sí, kọjá àtúnṣe, ìyá òun yóò bá òun lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà gan-an, wọn yóò sì ti ilé pa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló dé, òórùn ihò náà sì ti pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Báńkì kan ní Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Lábísí, ìyá rẹ̀, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, fèsì kan ṣoṣo: "Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo." Ọmọ ní òun kò bá a jà, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣáà wá wò ó.

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ la fẹ́ sọ. Ilé wo ni kò sí?

Tíṣà Bámgbóṣé, ọkọ Lábísí, ló kọ́ ilé náà sí Ìlárò lọ́dún 1959. Nígbà náà, sáláńgá ni gbogbo àdúgbò ń lò, ẹni tí tirẹ̀ bá sì ní ìdérí, gbajúmọ̀ ni. Tíṣà ní tòun yóò jẹ́ olómi. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró ti àwọn bíríkìlà, tó ń fi rúlà gbọọrọ tó fi ń na ọmọ iléèwé wọn ihò náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fa ẹ̀wọ̀n omi, àwọn aládùúgbò wá wò ó bí ẹni wá wo ìyàwó tuntun. Ìyá arúgbó kan tó wá kí wọn láti Ìlóbì gbọ́ ariwo omi, ó sá jáde, ó ní kí ó má gbé òun lọ. Áà, ayé ìgbà náà dùn o!

Láràárọ̀ Sátidé, kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan oúnjẹ, Tíṣà yóò da odidi ìgò ísáàlì, oògùn apakòkòrò tó ń ta ni nímú, sínú ìgbọ̀nsẹ̀ náà. Àwọn wolé-wolé ayé òyìnbó ló kọ́ ará ìlú bẹ́ẹ̀ fún sáláńgá, Tíṣà sì gbà pé ohun tó dára fún sáláńgá kò lè ṣàì dára fún olómi. Nígbà tó kú lọ́dún 1984, Lábísí kò jẹ́ kí Sátidé kan fò. Nígbà tí ọjà wọ́n, ó ń rà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń kó ẹrù wọlé láti Kútọnu. Nígbà tí òórùn búburú sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó sọ ọ́ di ìgò méjì. Ká sòótọ́, kì í ṣe nítorí ìmọ́tótó nìkan. Bí òórùn ísáàlì bá ti gba ilé, a dà bí ẹni pé Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ ni, tó ń nu ọwọ́, tó ń pariwo pé ta ló gbé ìwé ìròyìn òun. Àárò rẹ̀ a sì dín díẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Sátidé ni Ọ̀gbẹ́ni Bàrúwà dé. Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ wolé-wolé. Ilé tí àwọn olùkọ́ Póli bá fẹ́ gbà ló ń bá wọn yẹ̀ wò báyìí. Tíṣà ló kọ́ ọ níwèé. Nígbà kan, bí àwọn ará àdúgbò bá ti fojú kan kákí rẹ̀ lókèèrè, wọn a sáré da ìkòkò tó ní tanwíjí nù, àwọn ìyá mìíràn a sì gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Lónìí, ó dọ̀bálẹ̀ fún Lábísí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, síbẹ̀ ojú wolé-wolé ni ìyá náà ṣì fi ń wò ó.

Ó ní kí wọ́n da omi korobá méjì sí ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì dẹtí. Ó fi ọ̀pá irin ṣí ìdérí kọnkéré tó bo ihò náà. "Kí ẹnikẹ́ni má ṣáná o! Gáàsì inú rẹ̀ lè gbiná." Lẹ́yìn náà, ó ti ọ̀pá oparun tó fi aṣọ funfun wé bọ inú ihò títí ó fi kanlẹ̀. Nígbà tó fà á jáde, ẹrẹ̀ dúdú ti bo aṣọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú, ó wò ó yíká.

"Ìyá wa, iṣẹ́ ọwọ́ Tíṣà rèé! Ògiri yìí kò sán níbì kankan. Ṣùgbọ́n ó ti kún dé ọrùn, ohun tó wà níbẹ̀ kò sì jẹrà. Àwọn kòkòrò kan wà tójú ò lè rí, àwọn ló ń jẹ ìgbẹ́ di omi. Nínú èyí, wọ́n ti kú tán. Ta ló ń da ísáàlì sí i?"

Ó nu aṣọ ọ̀pá náà mọ́ koríko.

"Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò burú," ni Bàrúwà ń wí lọ. "Èyí ti ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Lábísí wo ọmọ rẹ̀, ó wo wolé-wolé. Bí ó bá ní Tíṣà ni, Bàrúwà yóò gbọ́ pé olùkọ́ tí gbogbo Ìlárò fi ń ṣe àpẹẹrẹ ti ṣìṣe. Bí ó bá ní òun ni, Olúfúnmilọ́lá yóò ní àgbà ti dé, ìyá òun kò lè dá ilé tọ́jú mọ́.

"Èmi ni," ó ní. "Lẹ́yìn tí Tíṣà rìnrìn àjò ni mo bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ò dà á rí."

Bó ti sọ ọ́ tán, ó mọ̀ pé òun ti fi ilé tọrẹ. Ó ti ń ro àpótí tí òun yóò kó aṣọ sí.

Olúfúnmilọ́lá sún mọ́ ìyá rẹ̀. "Màmá, kò rí bẹ́ẹ̀," ó wá wí jẹ́jẹ́. "Ta ló ń bá Bàbá di ìgò náà mú? Ṣé èmi kọ́ ni? Bí mo bá gbàgbé, ìkúnlẹ̀ ni." Ó yíjú sí Bàrúwà. "Bàbá wa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko."

"Tíṣà?" Bàrúwà họrí. "Tíṣà tó nà mí lẹ́gba mẹ́fà nítorí èékánná?" Ó mí kanlẹ̀. "Àwa wolé-wolé náà la jẹ̀bi. A kọ́ wọn ní ti sáláńgá, a ò padà wá sọ pé ti olómi yàtọ̀."

Lábísí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni ní Tíṣà ṣìṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ ní kí ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ wá láti Abẹ́òkúta," ni Bàrúwà wí. "Kí wọ́n má fà á gbẹ tán, kí àwọn kòkòrò náà lè rí ibi tí wọn yóò ti tún bẹ̀rẹ̀. Tí ísáàlì kò bá kàn án mọ́, ilé yìí ò ní ìṣòro."

"Ṣé ẹ lè fi ísáàlì sílẹ̀, Màmá?" ni Olúfúnmilọ́lá bi í. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Lábísí nu omijé ẹ̀rín náà kúrò lójú. Ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Ìgò méjì ti òwúrọ̀ yẹn, tí kò tíì dà, ló kó dání. Ó ṣí ọ̀kan, ó gbé e símú, ó fà á gidi, ó sì tún un dé. Ó kó méjèèjì lé wolé-wolé lọ́wọ́.

"Kó wọn lọ, Bàrúwà. Tíṣà ti kú."

Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti sin ọkùnrin náà, kò sí ẹni tó tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu Lábísí; "ó rìnrìn àjò" ló máa ń wí. Olúfúnmilọ́lá sáré fa àga sí i nídìí, ó dì í mú, kò sì dárúkọ Ìbàdàn mọ́.