Iná Tí Kì Í Ṣe Ti Sẹ́nọ́ọ̀nù

Olóríkunkun ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin máa ń pè é láti kékeré, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Ẹ̀gbọ́n yìí ló rán an lọ síléèwé, òun náà ló gbà á sí yàrá ìwádìí tó jẹ́ ọ̀gá fún. Ta ni wọ́n á ṣe irú oore báyìí fún, táá tún máa jiyàn? Olóríkunkun ni.

Gílóòbù búlúù kan ló dá wàhálà sílẹ̀. Nínú àgbá irin tó wà láàárín yàrá náà ni sẹ́nọ́ọ̀nù wà, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi òtútù burúkú sọ di omi. Bí ìtànṣán bá kọ lu omi yìí, á kọ mànà, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún kọjá ohun tí ojú èèyàn lè rí. Ẹ̀rọ inú àgbá nìkan ló ń rí i, ìlà kan á sì ta sókè lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n sì ti ṣèlérí fáwọn àlejò tó fẹ́ fowó ràn wọ́n lọ́wọ́ pé wọ́n á fojú ara wọn rí i.

"Fi gílóòbù yìí sẹ́yìn gíláàsì ara àgbá," ló wí.

"Irọ́ nìyẹn, àǹtí mi."

"Irọ́ kọ́, àpèjúwe ni."

"Ẹ jẹ́ ká kọ 'àpèjúwe' sí i lára nígbà náà."

"Wò ó, bó o bá dójú tì mí lónìí, o ò ṣiṣẹ́ níbí mọ́."

Inú bí Olóríkunkun. Iṣẹ́ tí wọn ò tìtorí ẹ̀ sùn, kí gílóòbù ọjà wá gba ògo rẹ̀!

Àwọn àlejò dé, wọ́n yí àgbá ká. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pa iná yàrá, ó tẹ bọ́tìnnì gílóòbù náà. Òkùnkùn biribiri, àfi kọ̀ǹpútà tó ń tàn ní igun. Ó tún un tẹ̀. Pàbó ló já sí.

"Ìmọ́lẹ̀ náà dà?" àlejò kan bèèrè.

"Ẹ ò lè rí i, sà," Olóríkunkun dáhùn. "Èmi náà ò rí i rí. Kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ wò."

Ìlà kan ta sókè, ó wálẹ̀, òmíràn tún ta.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ tún rèé."

Ẹ̀gbọ́n tan iná yàrá, ojú rẹ̀ le koko. "Lọ kó ẹrù ẹ."

Olóríkunkun kúnlẹ̀ fún ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, ó yọ gílóòbù búlúù náà lápò, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e lé e lọ́wọ́. 

"Mo ti kó o láti àárọ̀, àǹtí mi."