Ẹ̀gbà Ọrùn Oníìrù

Ọwọ́ Hẹtẹpi, aràrá tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀, ló ṣe é, kì í ṣe ọkàn rẹ̀. Ó so ìrù mọ́ ẹ̀gbà ọrùn òkú.

Alààyè ló ń rìn, tó ń bẹ̀rẹ̀, tí ìlẹ̀kẹ̀ wúrà fi ń wọ́ wá síwájú lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń so wúrà wíwúwo kan rọ̀ sẹ́yìn ọrùn kó lè dá a dúró, òun ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ìrù. Òkú tó nà gbalaja sínú pósí, kí ló fẹ́ fi ìrù ṣe? Ìyáàfin Inti ló sì ni ẹ̀gbà yìí. Kò tíì kú, ṣùgbọ́n àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, oníṣègùn ti ṣíwọ́, ọkọ rẹ̀ sì ti ní kí wọ́n tètè parí ẹrù ibojì rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣí àpótí ẹrù náà níwájú aláìsàn, torí kò sẹ́ni tí kì í fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ẹrù ibojì rẹ̀ nílẹ̀ wa. Kẹnu, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́, rí ìrù, ó figbe ta.

“Ìwọ kúkúrú yìí, o ti pa mí! Òkú tó máa ń lọ sọ́jà là ń ṣiṣẹ́ fún ni? Aṣálẹ̀ lò ń lọ, lọ máa fọ́ òkúta wúrà!”

Hẹtẹpi dojúbolẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ yẹn kò pọ̀.

“Ta ló so èyí?” Ohùn Inti tín-ín-rín.

“Èmi ni, ìyáa wa. Ẹ foríjì mí, ọwọ́ mi ló ṣàṣìṣe.”

“Gbogbo ilé yìí ti sin mí tán, títí kan ọkọ mi. Ọwọ́ tìẹ nìkan ló rò pé mo ṣì máa dìde.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbé mi jókòó. Ẹ fi sí mi lọ́rùn. Kẹnu, bó o bá rán aràrá yìí lọ síbikíbi, èmi àti ìwọ ni.”

Ó ní kí wọ́n fún òun ní búrẹ́dì. N ò sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ ló wò ó sàn o, ṣùgbọ́n kí odò tó kún, ó ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Ó wá mú Hẹtẹpi lọ sí ibojì òun lórí òkè, níbi tí ayàwòrán ti ń kun ògiri. Aràrá kan wà nínú àwòrán náà tó jókòó, tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀ wúrà, àmì kéékèèké sì wà lókè orí rẹ̀.

“Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyáa wa?”

“Orúkọ rẹ.”

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lára ògiri ibojì kì í parun, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Hẹtẹpi bú sẹ́kún. “Ẹ ṣeun, ìyáa wa. Ẹ ṣeun. Tálákà bíi tèmi kì í ní ibojì.”

“Tèmi gba àwa méjèèjì,” ni Inti wí.