Ẹ̀jẹ̀ Tó Padà Dé

Nígbà yẹn, bàbá Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò ti kú, àmọ́ ìyá wọn ṣì wà láyé, ọkọ Ẹ̀gbọ́n ṣì wà. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí, apá rẹ̀ méjèèjì nínú ìyẹ̀fun títí dé ìgúnpá, ó ń po búrẹ́dì bí ẹni tó ń bá ènìyàn jà.

Àbúrò rẹ̀ ló ń tọ́jú iná ààrò. Àwàdà kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn méjèèjì: nǹkan oṣù Ẹ̀gbọ́n, tó ti dáwọ́ dúró tipẹ́tipẹ́, ti padà dé.

"Ọmọge ni mí o," Ẹ̀gbọ́n á wí, á gbọn ìdí. "Sọ fún ọkọ mi kó tún wá tọrọ mi."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ìyá wọn á dáhùn láti orí ẹní pé ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀mí; ẹni tí tirẹ̀ bá padà, ẹ̀mí rẹ̀ ló gùn yẹn.

Lọ́jọ́ kan, àwọn nọ́ọ̀sì gbé ọkọ̀ wá sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà létí títì. Wọ́n ní kí gbogbo obìnrin wá, àwọn fẹ́ wo ẹnu ilé ọmọ wọn, bóyá jẹjẹrẹ ń yọjú níbẹ̀. Àbúrò lọ. Nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì, ó ki òwú bọ omi kíkan, ó fi nù ún, ó dúró díẹ̀.

"Tí ibi tí mo nù bá funfun, ohun tí à ń wá nìyẹn. Tiyín mọ́, Màmá. Kò sẹ́lòmíràn nílé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi wà nílé. Wọ́n ti di ọmọge padà! Nǹkan oṣù wọn tó ti lọ tipẹ́ ló tún dé."

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì pa tọ́ọ̀ṣì.

"Màmá, ẹ lọ pè wọ́n wá. Ẹ má rìn o, ẹ sáré."

Ó sáré. Ẹ̀gbọ́n ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ìyẹ̀fun mi ti wú. Tí mo bá fi í sílẹ̀ báyìí, kíkan ni. Ilé ọmọ tí àwọn ọmọ ti kó jáde nínú ẹ̀ tán, kí ni wọ́n fẹ́ wò níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú nọ́ọ̀sì yẹn ò dáa."

"Bí ojú tiẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Gbé iyọ̀ fún mi."

Àbúrò gbé iyọ̀ fún un. Nígbà tí búrẹ́dì fi máa jinná, tí ilé ń ta sánsán, wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀ náà tó ń lọ.

Ọdún yípo kó tó tún dé. Ẹ̀gbọ́n ò lè po nǹkan kan mọ́. Òórùn kan ti wọlé tí ti búrẹ́dì ò lè bò. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí ló wá bá a lórí ibùsùn. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó rọra fa aṣọ bò ó. Kò fọwọ́ kan ìgò omi kíkan rárá. Oògùn ìrora nìkan ló kó kalẹ̀. Àìsàn là á wò, Àbúrò wí nínú ara rẹ̀, a kì í wo ikú.

Lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n dákẹ́, àwọn obìnrin kún yàrá. Aránṣọ ilé kejì, tó dàgbà ju òkú lọ, jókòó ti Àbúrò, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Ó mà ṣe o. Èmi tí mo jù wọ́n lọ rèé, tí ara mi tún ń ṣe bí ti ọmọge. Ohun tó ti lọ…" Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín sínú.

Ẹ̀rín yẹn, Àbúrò mọ̀ ọ́n.

Ẹkún dá lójú rẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ obìnrin náà mú pinpin, níwájú òkú, níwájú gbogbo ènìyàn.

"Ẹ dìde," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn."