Bébà Dúdú

Òfin kan ni ọ̀gá mi fi lélẹ̀ nínú yàrá ìwádìí wa: bí iṣẹ́ bá ti yọrí, má tíì yọ̀, kọ́kọ́ fi bébà dúdú bò ó.

Ẹ̀rọ tí ìmọ́lẹ̀ nìkan lè tàn, tó sì lè pa, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bọ́tìnnì, ni à ń wá. À ń da èérún wúrà tí ojú lásán ò lè rí sórí gíláàsì. Bí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù bá kàn án, kí iná mànàmáná ráyè kọjá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá lọ, kí ọ̀nà dí. Bí ó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ bébà dúdú, a jẹ́ pé ooru gílóòbù ló ń tàn wá jẹ.

Ọdún méje la fi ṣe àṣedànù. Lọ́dún kẹjọ, ọ̀gá ra gílóòbù ńlá kan, wọ́n gbé e mọ́ àyà wọlé bí ọmọ tuntun, gíláàsì wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. A jó. Èmi tí wọ́n ń pè ní Alágídí, nítorí pé n kì í gba nǹkan gbọ́ bọ̀rọ̀, èmi gan-an ni mo jó jù. Iṣẹ́ mi ni bébà dúdú, mo sì gbàgbé rẹ̀ fún odidi ọdún méjì.

Ní báyìí, ọ̀gá wà nílé ìwòsàn, dókítà sì ti ní ó ku ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀gá ránṣẹ́ pé kí n gbé ìwé iṣẹ́ wá kí àwọn fọwọ́ sí i. Ibi tí mo ti ń wá bírò ni mo ti rí àpò bébà náà, eruku ti bò ó. Ìgbà náà ni mo rántí òfin ọ̀gá. Mo bo gíláàsì, mo tan gílóòbù, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tó ń wọn iná mànàmáná sì gbéra bíi tàtẹ̀yìnwá. Ìgbà méje ni mo ṣe é. Mo ń bẹ gíláàsì lásán-làsàn pé kó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tó sú mi, mo kọ ohun tí mo rí sínú ìwé, mo sì sunkún.

Ìyàwó ọ̀gá, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Wọ́n bẹ̀ mí pé ọ̀rọ̀ rere nìkan ni kí n sọ. Mo ṣèlérí, tọkàntọkàn ni mo sì fi ṣe é.

Ọ̀gá ò tilẹ̀ dúró gba ìkíni. "Alágídí, ṣé o bò ó?"

"Mo bò ó, sà."

"Ó dákẹ́?"

Irọ́ ti wà létè mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe máa ń tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣe tẹjú mọ́ mi.

"Kò dákẹ́, sà."

Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n wá kọjú sí ògiri. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, títí kan Mọ́mì, títí wọ́n fi kú ní Ọjọ́bọ̀.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Mọ́mì kì í jẹ́ ìkíni mi mọ́, n kò sì bá wọn wí. Bó bá ṣeé tún ṣe, irọ́ ni ǹ bá pa.