Màmá Ń Fi Omi Gbígbóná Wẹ Èso Páìnì

Bàbá Títí, ẹ dìde jókòó, inú ṣì ń bí mi. Mo lálàá pé mo bímọ, èso igi páìnì sì ni ọmọ náà, irú èyí tó máa ń bọ́ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó le, tó ní ìpẹ́ lára bí ẹja. Kò yà mí lẹ́nu rárá. Mo pọ̀n ọ́n. Ni ìyá yín bá dé, wọ́n gbà á lẹ́yìn mi, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń fi kànìnkànìn àti omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń na ìpẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń na apá ọmọ.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí omi bá ti kàn án, ṣe ló ń pa ara rẹ̀ dé. Oòrùn ló ń ṣí i. Irúgbìn tó ní ìyẹ́ ló wà lábẹ́ ìpẹ́ yẹn, atẹ́gùn ló máa gbé e lọ."

Wọ́n ní, "Ọmọ mélòó ni ìwọ ti wẹ̀?" Ẹ̀yin náà jókòó síbẹ̀, ẹ ń tẹ fóònù, ẹ ní kí n fi Màmá sílẹ̀.

Ni mo bá já ọmọ mi gbà, mo sá a sí oòrùn lórí páànù. Ó gbẹ, ó ń ṣí díẹ̀díẹ̀, irúgbìn ń fò jáde. Ọ̀kan bà sórí gèlè Màmá, ó hù níbẹ̀, ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́.

Màmá fọwọ́ kàn án, wọ́n rẹ́rìn-ín sí yín. "Ṣé o rí i? Omi mi ló ṣí i."

Bí mo ṣe la ẹnu láti dá wọn lóhùn ni mo jí, ẹ̀yin sì ń hanrun.